Bíkà Mẹ́fà Tó Kúrò Ní Yàrá Sáyẹ́ǹsì

Àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1961 ni wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé kan n'Ìkọ̀lé, wọ́n wá bíkà mẹ́fà tì. Bíkà ni ife gíláàsì onílà tí wọ́n fi ń wọn kẹ́míkà, tí wọ́n ń gbé ka iná tí kò sì ní fọ́. Ìdánwò ku ọ̀túnla. Wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Dáúdà, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé náà.

Bámgbóṣé, tó ń fọ bíkà náà láti ọdún mẹ́jọ, fẹ̀yìn ti ògiri. Ilé ni wọ́n ti pè é wá, lójú àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n ti Ìbàdàn wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Kò lè wo ojú Dáúdà.

Olúsọjí, Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò. Àgádágodo ò já. Bíkà mẹ́rin tó kù, òwú pupa wà lọ́rùn gbogbo wọn.

"Dáúdà, kí ni òwú yìí?"

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe èyí tó dáa jù ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Bó bá jẹ́ èmi lolè, òun ni ǹ bá kó! Uṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ó bá a."

Ọ̀rọ̀ náà gún Bámgbóṣé lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" Olúsọjí bi í.

"Èmi... èmi ni mo so ó, sà. Èyí tó bá ti gba májèlé rí ni mo so ó mọ́."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Kò séèyàn, sà. Ojú ń tì mí, kí àwọn tíṣà má baà mọ̀ pé mi ò lè ka àkọlé."

Olúsọjí mi orí. "Ẹni tó fẹ́ tà á ìbá kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó fẹ́ fi mu nǹkan ló ń sá fún májèlé. Ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ òwú yìí. Bàbá, ta ló ń fi bíkà mu nǹkan?"

Bámgbóṣé kúnlẹ̀. "Àwọn àna mi ni, sà. Igbá nìkan la ní nílé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fojú tín-ín-rín ọmọ mi. Ẹ tú Dáúdà sílẹ̀."

Wọ́n tú u. Olúsọjí bá Bámgbóṣé dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. "Ẹ wọlé lọ kó wọn wá. N ó dúró níhìn-ín."

Nínú ilé, àgbà àna gbé bíkà sókè. "Àna wa, gíláàsì yín mà dáa o! Ó tún nílà lára!"

"Ẹ dákun, ẹ gbé e wá. Ti ilé-ìwé ni. Mo jí i ni."

Morẹ́nikẹ́, ọmọ Bámgbóṣé, dìde. Ó gba bíkà ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó da ẹmu inú rẹ̀ gba ojú fèrèsé síta, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò wo ojú rẹ̀.

Bámgbóṣé fúnra rẹ̀ ló gba márùn-ún tó kù, lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan.