Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Etí àti Ọ̀rẹ́ Ọ̀dàlẹ̀

Dàpọ̀ ará Ìkẹ́rẹ́ ní òun fi ọwọ́ òsì gbé àpáta Olósùnta dé Ìṣẹ́, òun fi ṣe ìrọ̀rí níbẹ̀, òun sì dá a padà kí àwọn ìyàwó ilé tó gbálẹ̀ tán. "Hóró tírámádọ̀, oògùn ìrora, kan péré ni mo lò!"

Kọ́ládé, tó ń ro oko kòkó l'Ẹ́múrẹ́, gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni Dàpọ̀. Ó gbé hóró kan mì.

Ṣé ó gbé òkè? Rárá o! Hóró ló gbé òun. Bí kò bá ti rí i lò, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n débi pé páànù òrùlé aládùúgbò á máa dún. Ó ta sòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá kí ó lè rówó ra hóró. Dàpọ̀ náà ló rà á.

Ọjọ́ tó dákú sábẹ́ igi kòkó, Matthew, ẹni tí oko wọn jọ pààlà, fi ọ̀kadà gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀. Iná tó ń ta wínníwínní ń ti inú ẹ̀rọ náà lọ sínú iṣan, kí ìrora ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dínkù. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì ń pariwo.

"Bọ̀dá Matthew, wọn ò ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkàn?"

"Àbúrò, ti ọkàn, Jésù ló ń ṣe é. Ìwọ ṣáà pè é."

Bí Matthew ṣe jáde lọ wá ẹ̀kọ gbígbóná, Kọ́ládé dijú, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ni Dàpọ̀ bá yọ́ wọlé, sòkòtò ìgbéyàwó lẹ́sẹ̀, hóró lọ́wọ́.

"Kọ́ládé akin! Já nǹkan etí yẹn dànù, kí o gba oògùn gidi. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa."

Dàpọ̀ wo ẹ̀rọ náà. Ó ranjú. "Ọlọ́pàá ló ń fi nǹkan yìí gbọ́ wa?"

"Ó ju ọlọ́pàá lọ."

Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún etí Kọ́ládé. "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú! N ò fi hóró yìí kan ẹnu rí láyé mi! Àwọn tó bá gọ̀ bíi Kọ́ládé nìkan ni mò ń tà á fún!"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Kọ́ládé ju abẹ́rẹ́ lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Jésù, mo ti tẹ̀lé ẹni tí kò fẹ́ràn mi. Dárí jì mí, gbà mí." Ó gbá hóró náà dànù.

"Kí ló bọ́ sílẹ̀ yẹn?" Nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbígbé òkè tán! Dàpọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, ó ń ké pé, "Mò ń lọ ulé o!"

Ìwọ tó ń kà á, Sátánì kì í mu ohun tó ń bù fún ọ. Jésù ló mu ago kíkorò tó yẹ kí o mu. Ó ń gbọ́ ọ báyìí. Ronú pìwà dà lónìí. Pè é.