Ìdì Ewé Tó Wà Lábẹ́ Òrùlé

Ariwo ni Nare fi kí Dowon káàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

"Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ ò rí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni?"

Dowon dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣàyẹ̀wò, ó gbá ìdì ewé sùùkì gbígbẹ, ewé oògùn olóòórùn kan, mọ́yà, èérún ewé sì ń já bọ́ sílẹ̀. Erékùṣù Ganghwa ló ti ń bọ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbin ewé náà. Iléeṣẹ́ ìpara tí Nare ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé yìí ṣeé fi sínú ìpara ojú.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ni Dowon wí. "Ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀."

Ó gbálẹ̀ náà títí dé ibi tí kò dọ̀tí rárá. Nare ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ Nare rọrùn láti sọ. Á fi ọṣẹ líle mú kí apá àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn pọ́n, tirẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Á wá lẹ omi ewé mọ́ ọn, á máa wò ó bóyá pípọ́n náà yóò rọlẹ̀. Omi ìdì àkọ́kọ́ yẹn ṣiṣẹ́ débi pé ọ̀gá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìfẹ́ àárín Nare àti Dowon náà ò sì falẹ̀. Kí òtútù tó wọlé dé, Dowon ti ń pè é ní "Nare mi".

Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìdì kejì dé, kò ṣe nǹkan kan. Ìkẹta dé, òfo ni. Nare pààrọ̀ ọṣẹ, ó pààrọ̀ omi, ó bú ẹ̀rọ bíi pé ẹ̀rọ létí. Apá rẹ̀ kún fún àmì pupa, ìbínú ò sì jẹ́ kó jẹun.

"Bóyá oríire lásán ni ti àkọ́kọ́ yẹn," ni Dowon ń wí, kì í sì í wo ojú rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.

"Oríire kẹ̀? Lápá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ọ̀rọ̀ dé etí Ìyá Dowon pé ọmọbìnrin kan ń sọ pé ewé òun ò wúlò.

"Òun náà lo fẹ́ mú wá sílé mi?" ló bi ọmọ rẹ̀. "Kò ní jókòó jẹun níbí, mo wí fún ẹ!"

Ìdì kẹrin tún kùnà, ọ̀gá Nare sì ní kí wọ́n pa ewé náà tì. Nare dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń sunkún bó ṣe ń fọ ìgò. Ibẹ̀ ni Dowon bá a.

"Nare mi, ìdì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ara èyí tí à ń tà. Abẹ́ òrùlé ìyá mi ni mo ti jí i."

"O jí kí ni?"

"Ọjọ́ tí mo dé láti iṣẹ́ ológun ló so ó kọ́ síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ òkun máa fẹ́ ẹ, kó gbó dáadáa. Ó fi pamọ́ de ìyàwó mi ni, kó lè fi ooru omi rẹ̀ wẹ̀ tó bá bímọ. Èyí tó dáa jù ni mo fẹ́ kí iléeṣẹ́ yín rí. Nígbà tí mo wá mọ̀ ẹ́ tán, ojú ń tì mí láti sọ."

"Mo ń bó ara mi lápá, Dowon! Ò ń wò mí!"

Inú Nare bà jẹ́ gan-an. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì ń ṣe é bíi kó la ìgò mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ẹ̀kúnwọ́ ewé tó ṣẹ́ kù nínú ìdì àkọ́kọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ganghwa lóun nìkan. Ó ti pinnu pé òun á tọrọ àforíjì, òun á sì bá tòun lọ.

Ó bá Ìyá Dowon nínú àgbàlá, níbi tó ti ń di ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi ni Nare. Ọ̀dọ̀ mi ni ìdì ewé yín tó sọnù wà."

Ìyá náà wo ẹ̀kúnwọ́ ewé yẹn. "Gbogbo eku inú ilé yìí ni mo ti ṣépè fún. Ìyókù dà?"

"Mo ti lọ̀ ọ́, Màmá. Mo fi dán apá mi àti tàwọn ẹlòmíì wò."

Ìyá Dowon fa apá aṣọ Nare sókè, ó rí àwọn àmì pupa, ó pòṣé.

"Ìwọ yìí náà lo ní ewé mi ò wúlò?"

"Èyí tó gbó wúlò, Màmá. Èyí tí kò tíì gbó ni kò ṣe nǹkan kan. N ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀."

"Ìyàwó ọmọ mi ni mo fi í pamọ́ dè."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìwọ lo sì lò ó tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ni mo tún fẹ́ máa wá kiri, nígbà náà? Jókòó, kí o bá mi di ewé yìí."

Omi lé ròrò sójú Nare. "Inú ṣì ń bí mi sí ọmọ yín, Màmá."

"Èmi náà ńkọ́? Jẹ́ ká jọ máa bínú sí i."

Nígbà tí Dowon sáré dé, òógùn ti bò ó, kò sẹ́ni tó kí i nínú àwọn méjèèjì. Nare kàn nawọ́ sí àkàbà. Dowon gbé e wá, ó sì dì í mú. Nare gun un pẹ̀lú ìdì ewé tuntun, ó so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé, níbi tí ti àkọ́kọ́ ti wà tẹ́lẹ̀.

"Tó o bá tún fọwọ́ kan èyí," ló wí látòkè, "èmi àti ìyá ẹ la jọ máa lé ẹ jáde nílé yìí."

"N ò jẹ́ dán an wò, Nare mi."

"Di àkàbà yẹn mú dáadáa," ni Ìyá Dowon wí. "Ẹni tèmi ló wà lórí ẹ̀."