Ẹ Má Gbé Dòdò Gbígbóná Wọ Kọ̀ntẹ́nà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù. Ẹni tó bá ń fẹrù ránṣẹ́ sókèèrè, iwájú pátápátá ni kó jókòó sí.

Ẹ̀bá títì ni Sàlámọ̀tù ti ń ta dòdò Ìkirè láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú. Gbígbóná ni àwọn onímọ́tò ń rà á, gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí Amatullah, oníbàárà kan ní Kánò, wá ní kí Sàlámọ̀tù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dín dòdò fi ọgọ́rùn-ún páálí ránṣẹ́, orin ló fi jí:

Dòdò Ìkirè ń ròkè Ọya o,
Dúdú minimini bí kóró iṣin,
Ẹni tó tọ́ ọ wò ò tún gbàgbé wa mọ́.

Bí dòdò ṣe ń kúrò nínú epo ni wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá. Wọ́n háyà mọ́tò, ó di Àpòmù, nílé ìkẹ́rùsí tí tírélà tó gbé kọ̀ntẹ́nà dúró sí.

Qaosarat tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà fọwọ́ kan páálí. “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹrù yìí ò lè lọ báyìí.”

“Ìwọ ọmọ yìí, dòdò tèmi ni ìyá ẹ fi já ọ lẹ́nu ọmú.”

“Òun náà ni mi ò fi fẹ́ kó bàjẹ́. Ó ṣì gbóná, Màmá.”

“Gbígbóná ni iyì ẹ̀.”

Jímọ́ọ̀ tó ń wa tírélà rẹ́rìn-ín. “Tó bá jẹ́ Gbọ̀ngán ni mò ń lọ, òótọ́ lẹ wí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa lò kí n tó dé Kánò o.”

Qaosarat tú ọ̀rá kan. Omi ti sẹ̀ sínú rẹ̀ bí òógùn iwájú orí.

“Ẹ wò ó. Irin ni kọ̀ntẹ́nà, atẹ́gùn ò wọbẹ̀. Ooru yìí á di omi, omi á kán sórí ẹrù, ẹrù á bu. Tí wọ́n bá ṣí i ní Kánò tó ti hu funfun, ìlú wo ni wọ́n máa bú?”

Orúkọ Ìkirè ló kan Sàlámọ̀tù lára ju èrè lọ.

“Jímọ́ọ̀, o lè dúró dè wá?”

“Tó bá ti kọjá ìrun Àsárì, mo ti lọ nìyẹn.”

Ni wọ́n bá tú gbogbo ẹ̀ sórí àtẹ, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kọrin. Nígbà tó tutù, tó gbẹ, wọ́n dì í sínú ọ̀rá tuntun. Qaosarat to pákó sílẹ̀ kí páálí má fara kan irin. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n dín in sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Jímọ́ọ̀ sọ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó gbé sínú kọ̀ntẹ́nà kalẹ̀ pẹ̀lú, torí dòdò máa ń gba òórùn. Wọn ò tíì pe ìrun tí ilẹ̀kùn fi tì.

Lọ́jọ́ kẹrin, Amatullah pè. “Màmá, ó gbẹ, ó dùn. Igba páálí ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.”

Sàlámọ̀tù tún gèlè wé. “Ẹ ti gbọ́? Kọ̀ntẹ́nà ni dòdò wa ń wọ̀ báyìí.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, bó jẹ́ dòdò, bó jẹ́ gàrí, bó jẹ́ kòkó: ẹ jẹ́ kó tutù, kó sì gbẹ, kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má tò ó mọ́ epo mọ́tò tàbí oògùn kòkòrò. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ máa bi àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí léèrè. Wọn kì í ṣe ọ̀tá yín.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ padà dé, Sàlámọ̀tù se ìkòkò ẹ̀wà kan, ó dín dòdò lé e, ó gbé e lọ sí Àpòmù. Qaosarat jẹ, Jímọ́ọ̀ jẹ, àwọn alábàárù tún bù sí i. Kálukú gba ilé lọ pẹ̀lú ikùn tó yó àti ọkàn tó balẹ̀.