Ta Ló Pa Nọ́ọ̀sì Elizabeth?

Nínú yàrá oògùn tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú Odigbo ni wọ́n ti bá òkú Nọ́ọ̀sì Elizabeth, ẹ̀jẹ̀ bo orí rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú ló rán an wá láti tọ́jú ojú àwọn àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló dín nínú àpótí, irú èyí tí dókítà máa ń fi sínú ẹyinjú. Inú bí Ìnsípẹ́kítọ̀ Moyọ̀sọ́lá gidigidi. Ṣé torí lẹ́ǹsì kan ni wọ́n ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ?

Kàmọ́rù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mádàámù. Bí mo ṣe gbọ́ igbe ni mo ti ilẹ̀kùn. Wàláì, ẹnikẹ́ni ò jáde."

"Ṣé nọ́ọ̀sì bá ẹnikẹ́ni jà?"

"Rárá o. Ìkìlọ̀ ló mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, á ní kò gbọdọ̀ tẹ orí ba. Ó ní bí ọba bá tiẹ̀ wọlé, kí wọ́n kàn gbé ọwọ́ sókè."

Moyọ̀sọ́lá wọ gbọ̀ngàn. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún jókòó pọ̀, báńdéèjì bo ojú kọ̀ọ̀kan, èrò sì pọ̀ débi pé dókítà gan-an kò dá wọn mọ̀ mọ́. Ó dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn, Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọlọ́kadà láti Agbabu.

"Kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, mà. Ìrora ojú ni mo ń bá yí. Ẹni tó kàn ló mọ̀."

Ibẹ̀ ni Olóyè Adébóyè, àgbà ìlú, ti wọlé wá bá wọn kẹ́dùn. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀kọ́ ilé ló tú àṣírí rẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá já báńdéèjì náà kúrò. Ojú tó mọ́ roro ló bá níbẹ̀.

"Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún gbọ́ ìkìlọ̀. Ìwọ ò gbọ́, torí wọn ò ṣe tìẹ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, o bá fi báńdéèjì bojú. Lẹ́ǹsì náà dà?"

Ìgbẹ́kẹ̀lé bú sẹ́kún, ó yọ ọ́ lápò.

"Nọ́ọ̀sì ní ojú bàbá mi ti kú. Mo rò pé ó ń fi lẹ́ǹsì dù wá ni. Mo fẹ́ gbé e lọ fún dókítà mìíràn ní Ore. Ó dì mí mú, mo tì í, orí rẹ̀ gbá igun tábìlì."

Àánú ṣe Moyọ̀sọ́lá, síbẹ̀ ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Bàbá afọ́jú kan dìde níbi tí àwọn tí wọn ò lè tọ́jú jókòó sí, ó ń táràrà bọ̀.

"Ìgbẹ́kẹ̀lé, òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún mi ní Ondó pé ojú yìí ti kú. Mi ò fẹ́ kó o sunkún ni mi ò ṣe sọ."