Òkú Kan Náà Ni Mbwelera Ń Jí

Ẹnu ọmọbìnrin náà ni Luhende kọ́kọ́ rí, nítorí ẹnu yẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn àgbààgbà ọkùnrin lọ́sàn-án gangan. Kidawa jókòó lórí pèpéle iwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Bagamoyo, ìlú etí òkun Tanzania, ìborùn kanga rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, ó ń ka ìwé tuntun Chande Mbwelera sókè ketekete. Bó ṣe dé ibi tí òkú ti dìde jókòó tó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, kọfí dà sí bàbá kan lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Luhende, atúnrédíòṣe tó ń kọjá lọ tòun ti rédíò oníbàárà léjìká, bú sẹ́rìn-ín.

Kidawa gbójú sókè wò ó. Ha, ojú yẹn! Díẹ̀ ló kù kí rédíò onírédíò fọ́ mọ́ ilẹ̀.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ogójì ìwé ni ọkùnrin yìí ti kọ, òkú kan náà ló ń jí nínú gbogbo ẹ̀. Ṣé kò tíì rẹ òkú ọ̀hún ni?"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni Sefu tó ń ta kọfí wí. "Ẹni tó bá ti ka ọ̀kan ti kà á tán."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, Sefu! Ta ló tíì kọ irú ẹ̀ rí, láti etí òkun títí dé Tabora?" ni ẹlòmíràn ké mọ́ ọn.

Ni ariwo bá sọ. Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn láyé ìgbà náà, kí tẹlifíṣọ̀n tó wá gba ojú gbogbo wa. Àwọn kan ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni ọwọ́ Mbwelera, àwọn kan ní ọbẹ̀ àná ló ń gbé kaná lójoojúmọ́. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà yẹn dùn o, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Bàbá Mwinshehe nìkan ni kò fọhùn. Òun ni bàbá Kidawa, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó wọlé lọ.

Luhende kò kà á sí. Nyamwezi lòun, Zaramo ni wọ́n, utani sì wà láàárín ìran méjèèjì láti ayé àwọn baba ńlá: bú mi kí n bú ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ kọ́. Kidawa ju ìwé kan sí i. "Kà á ná, kó o tó máa bú u."

Ó kà á, ó dá a padà, ó mú òmíràn. Nígbà tí àsìkò òjò fi máa parí, ó ti ka gbogbo wọn tán, ìfẹ́ sì ti wọlé jókòó sí wọn lọ́kàn.

"Ẹ̀rù bà ọ́ àbí kò bà ọ́?" ni Kidawa bi í.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Mi ò kàn lè pa àtùpà kí n tó sùn ni."

"Ojo mi àtàtà!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni ìwọ rí nínú ẹ̀ ná, Kidawa mi?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Látìgbà tí ìyá mi ti kú ni Bàbá ti ní kí n máa ka Mbwelera fún òun. Nínú gbogbo ìwé ẹ̀, ìyàwó tó kú máa ń padà wá kan ilẹ̀kùn ọkọ ẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn yòókù. Kì í ba Bàbá. Ńṣe ló máa ń tẹ́tí."

Ojú ti Luhende débi pé kò lè gbórí sókè. Bẹ́ẹ̀ ó ti rán alárinà sí Bàbá Mwinshehe ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Alárinà padà dé, ojú rẹ̀ fàro. "Ó kọ̀. Mo ní, 'Bàbá, utani ṣáà ni.' Ó ní àwọn Nyamwezi tó wá sin ìyàwó òun náà ṣe tiwọn. Ọ̀kan bọ́ sínú sàréè, ó dùbúlẹ̀, ó ní àyè òun nìyẹn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn aláwàdà yẹn jókòó, wọ́n sì bá àwọn ọlọ́fọ̀ sunkún. Ó ní ìwọ ti ṣàwàdà, o kò tíì sunkún."

"Mo gbé! Ṣé ó parí náà nìyẹn?"

"Ó ní kó o wá kàwé fún òun lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ gba ohùn ọmọ òun lọ́wọ́ òun."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Luhende jókòó sórí ẹní nínú yàrá Bàbá. Ìwé tí Mbwelera ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí Luhende kò tíì rí rí, ni Kidawa gbé lé e lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó lọ dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Ó kà á dáadáa. Bàbá ń mi orí. Ó wá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kọ́kọ́ fi ojú kà á. Ọkọ jókòó ti ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó kàn án. Mbwelera tí gbogbo ayé ní kò lè yí ohùn padà ti yí i padà lọ́jọ́ tí kò yẹ kó yí i.

Bàbá ti dẹ etí sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń retí.

Tó bá kà á bó ṣe wà, yóò dà bí ẹni tó tún ìyàwó arúgbó náà sin lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá purọ́, irú àna wo ló ń pa irọ́ nílé àna? Luhende gbé ojú kúrò lórí ìwé.

"Ilẹ̀kùn dún," ló wí. "'Ta nìyẹn?' 'Èmi ni,' ni obìnrin náà dáhùn. 'Ṣé o ti jẹun? Ọmọ wa ńkọ́?' Ó wọlé, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ẹní. Ó ní, 'Mo pẹ́ lọ́nà, má bínú.'" Ohùn rẹ̀ gé. Omijé ti bo ojú rẹ̀, kò lè máa bá a lọ.



"Ọmọ mi," ni Bàbá pè é. "Kidawa ti ka ìwé yẹn fún mi lánàá. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn."

Luhende wólẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni."

Ẹkún Kidawa sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàbá na ọwọ́ títí ó fi kan orí ọmọkùnrin náà, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Kidawa, bu kọfí wá fún ọkọ rẹ."

Lẹ́yìn náà, ó fa ẹní rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ó yá, tún un kà fún mi. Láti ibi tí ilẹ̀kùn ti dún."