Ọwọ́ Tó Wà Lórí Bọ́tìnnì

Wọ́n bá òkú Oyètúndé nínú snow, ní pápá kan lẹ́bàá Chestermere. Bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀ ló kọ lù ú. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní imú bàálù náà ló gé e lọ́rùn. Láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀ ní Calgary, ìlú elépo ní Canada, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gbá ènìyàn síta bí ẹni gbálẹ̀, pápá yìí ni àwọn tí kò níṣẹ́ mọ́ ti ń fi eré pa ìrònú rẹ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéníjì dúró lẹ́nu géètì, ó ka òfin tó wà lára pátákó: akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá fò. Wáyà ni wọ́n fi ń so rìmóòtù rẹ̀ mọ́ ti olùkọ́. Ìgbà tí olùkọ́ bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ nìkan ni bàálù ń gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni bàálù padà sí.

Ó wo ipa ẹsẹ̀ òkú nínú snow. Oyètúndé sá sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún yà sọ́tùn-ún. Ibẹ̀ ló ṣubú sí.

Motúnráyọ̀, nọ́ọ̀sì kan láti àdúgbò Seton, ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí bàálù náà.

"Ta ló ń darí ẹ̀ nígbà tó kọ lù ú?" Adéníjì bi í.

"Èmi ni, sà." Ó nawọ́ sí rìmóòtù rẹ̀. "Mo fa ọ̀pá rìmóòtù kí n yí i padà, mo fà á títí, kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Akínrẹ̀mí ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n, kí n yáa tètè gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n ò lè parọ́ mọ́ mi. Sà, PR mi, ìwé ìgbélùú mi, ò tíì jáde o. Ṣé wọ́n máa dá mi padà sílé ni?"

Adéníjì kọjá sọ́dọ̀ Akínrẹ̀mí, olùkọ́ rẹ̀, tó ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọ̀gá. Ṣebí mo ti kìlọ̀ fún un pé a kì í fò kọjá lórí ènìyàn! Bí mo ṣe rí i pé ó dorí kọ Oyètúndé, mo ju rìmóòtù tèmi sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo pariwo, 'Sá o!'"

"Ọwọ́ méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Ẹ mọ Oyètúndé tẹ́lẹ̀?"

"Ọ̀gá mi ni níbi iṣẹ́ ní Downtown. Òun ló dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bínú. Èmi náà ni mo pè é wá wòran."

Adéníjì gbé rìmóòtù méjèèjì wá, ó sì pe Motúnráyọ̀ sún mọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ọwọ́ yín bá wà lẹ́nu, kò sí lórí bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ọmọ yìí ò fi gbọ́. Ẹ ti gba bàálù lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo ní mo ti jù ú sílẹ̀!"

"Bàálù tí kò sẹ́ni tó ń darí ẹ̀ kì í lé ènìyàn. Ẹ wo ipa ẹsẹ̀ òkú. Gbogbo ibi tó yà sí, bàálù bá a dé ibẹ̀."

Kọfí bọ́ lọ́wọ́ Akínrẹ̀mí.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" ló figbe ta. "Ilé mi ti lọ, ìyàwó mi ti lọ, Oyètúndé wá dúró níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi yín."

Motúnráyọ̀ kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Adéníjì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Òótọ́ kan ṣoṣo lẹ sọ lónìí, ẹ̀gbọ́n: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹ mú tàgbà wá."