Bàtà Tí Kò Ní Okùn

Bàtà ni Ganiyat kọ́kọ́ rí. Bàtà dúdú kan, tí kò ní okùn, irú èyí tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ni ó yọ imú jáde lábẹ́ kọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn tí ó kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí ó ti ń ta kọ́tìnnì ní Ìkòtún. Bàtà náà ń dán. Kọ́tìnnì náà kò mì rárá, àfi bí ẹni pé aṣọ fúnra rẹ̀ ń sé èémí.

Ganiyat fa ọ̀pá irin tí ó fi ń gbé aṣọ kọ́ yọ.

"Ẹ̀yin inú kọ́tìnnì, ẹ jáde, kí n tó fi irin yìí bá yín sọ̀rọ̀!"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lù mí," ni ohùn kan dáhùn. "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ná: ṣé ikùn mi hàn, àbí bàtà nìkan?"

"Bàtà nìkan."

"Ó mà ṣe o! Ọwọ́ ti ba apànìyàn mi nìyẹn."

Ọkùnrin tí ó jáde síta ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú sì ń tì í. Ó ní Abdulmuiz ni orúkọ òun, òǹkọ̀wé sì ni òun. Ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ni ó ń kọ nípa Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni tí ó ń dá gbé ní yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í bẹ̀rù ìbọn, tí kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dá alààyè kan. Nínú ìwé karùn-ún tí ó ń kọ lọ́wọ́, apànìyàn yóò fara pamọ́ sínú kọ́tìnnì. Òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe.

"Ó ṣeé ṣe, bí ó bá bọ́ bàtà," ni Ganiyat wí. "Bí kò bá sì fẹ́ bọ́ bàtà, kí ó wá ra èyí tí ó gùn dé ilẹ̀. Màá bá a dín owó rẹ̀ kù."

Abdulmuiz bú sẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé àkọ́kọ́ wá fún un. Ganiyat kà á láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ó sì dúró dè é pẹ̀lú ẹjọ́.

"Ọdẹ́tọ́lá yín yìí, ta ni ó máa ń bi í pé ṣé ó ti jẹun?"

"Kò sẹ́ni. Ọlọ́kàn líle ni."

"Ọkàn líle kọ́, ebi ni. Ẹni tí ebi ń pa ló ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn báyẹn."

Abdulmuiz fa bírò yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tí ó ń kọ tí kì í kọ́kọ́ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù náà kí Ganiyat bá a dá a lẹ́jọ́. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti mọ oríkì ọmọbìnrin náà.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń ká aṣọ wọlé, "mo fẹ́ kí o máa bi mí bóyá mo ti jẹun, títí ọjọ́ ayé mi."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá."

"Jókòó nígbà náà, jàre."

Ó ṣí abọ́ mọ́ín-mọ́ín rẹ̀, ó pín in sí méjì. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi ni ó gbé fún un.

Ó ku Alhaji Ràímì, bàbá Ganiyat, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó tẹ̀dó sí Ìgàndó. Láti ìgbà tí ìyá Ganiyat ti ṣaláìsí, bàbá yìí nìkan ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ náà sì ti pinnu pé òun kò ní fẹ́ ọkọ tí bàbá òun kò bá ṣe àmín sí.

"Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?" ni bàbá béèrè.

"Ìtàn ni ó ń kọ, Bàbá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́."

"Mo ní iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, o ń pa ìtàn fún mi!"

Kò sí bàbá gidi kan tí yóò fa ọmọ rẹ̀ lé ọkùnrin lọ́wọ́ láìṣe ìwádìí. Àwọn ẹlòmíràn a rán ẹbí. Alhaji Ràímì kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní àwọn tí a rán lọ ṣe ìwádìí a máa jókòó jẹun nílé ẹni tí wọ́n ń wádìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé awò dúdú sójú, tí ó dé fìlà, tí ó sì ń tẹ̀ lé Abdulmuiz kiri ní kọ̀rọ̀, tòun ti orúnkún tí ń dùn ún.

Nígbà tí ó parí ìwádìí, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ganiyat, o kò ní fẹ́ ọkùnrin yẹn."

"Kí ló ṣe, Bàbá?"

"Kí ni kò ṣe? Ó wọ kẹ́mísìtì kan ní Ṣáṣá, ó ní irú oògùn wo ni ó ń pa ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ! Ó dúró síwájú báǹkì kan ní Ìpájà, kò wọlé. Bí ọlọ́dẹ ṣe ń tòògbé ni ó ń wò. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, ó ní kí obìnrin tí ń sun àgbàdo bá òun wò ó bóyá òun jọ òkú!"

"Ìwé ni gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Ìwé kì í béèrè májèlé. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Omi lé sí Ganiyat lójú. Ó mọ bàbá rẹ̀: bí ó bá ti ní ọ̀rọ̀ parí, ó parí náà nìyẹn. Ó wo orúnkún tí bàbá ń fi ọwọ́ pa, ọkàn rẹ̀ sì dúró lórí nǹkan kan.

"Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi tẹ̀ lé e láti ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá dé Ṣáṣá?"

"Ẹsẹ̀ ni. Ó ń rìn, mo ń rìn."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sinmi kí ẹ tó dé mọ́ṣáláṣí?"

Bàbá na ẹsẹ̀ náà síwájú.

"Ohun tí kò yé mi nípa rẹ̀ nìyẹn. Nígbàkígbà tí orúnkún bá fẹ́ yẹ̀ mí, á dúró. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa so okùn bàtà, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá ti mí kanlẹ̀ tán, á dìde. Géńdé tí kò mọ okùn bàtà so, ilé wo ni yóò tọ́jú?"

"Bàtà wo ni ó wọ̀, Bàbá?"

"Bàtà dúdú kan tí ń dán."

Ganiyat dìde dúró. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Bàbá mi, bàtà yẹn kò ní okùn."

Alhaji Ràímì wo orúnkún ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó lọ tú àṣírí fún ọmọkùnrin náà.

"Ó mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun?"

"Ó mọ̀."

"Kò sì sọ fún ọ?"

"Kò sọ gbólóhùn kan fún mi."

Bàbá bọ́ awò dúdú náà, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Pè é wá."

Abdulmuiz dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Alhaji Ràímì kò béèrè májèlé, kò béèrè báǹkì.

"Níbo ni mo ti ṣe àṣìṣe?"

"Fìlà yín ni, sà. Òwú aláwọ̀ wúrà ara rẹ̀ ń tàn láti ìkóríta."

"Mo mọ̀! Ó yẹ kí n ti dé funfun!" Bàbá fi ọwọ́ lu itan. "Kí ló dé tí o kò sá mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Sà, bàbá tó ń fi orúnkún dídùn rìn nítorí ọmọ rẹ̀, n kò lè dójú tì í. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹ má lọ ṣubú."

Alhaji Ràímì tún fìlà rẹ̀ dé.

"Dìde, ọmọ mi. Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá rí wa. Kí o sì bá mi mú ìwé kìíní wá. Mo fẹ́ wo bí Ọdẹ́tọ́lá náà ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn."

Wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìgàndó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àmín Alhaji Ràímì ni ó ròkè jù lọ. Fìlà olówùú wúrà yẹn náà ni ó sì dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ganiyat ti ọjà bọ̀ sí ilé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà mọ́ ni ó kọ́ sójú fèrèsé. Bàtà dúdú kan yọ imú jáde lábẹ́ rẹ̀.

Kò wá irin. Ó bọ́ sálúbàtà tirẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà, ó sì wọ inú aṣọ lọ.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ohùn kan béèrè níbẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé o ti jẹun?"